Àánú Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń dá ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀, tí ẹ ń gba owó aráyé láti fi ran tálákà lọ́wọ́, iṣẹ́ rere lẹ dáwọ́ lé. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ kò tíì fi hàn pé ìrànlọ́wọ́ wa ló tún ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní Rangpur, ní àríwá Bangladesh, oúnjẹ máa ń wọ́n àwọn ará oko láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá, kí ìrẹsì tó tó kórè. Ní 2008, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Mushfiq Mobarak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kèké láàárín abúlé 100. Wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní owó ọkọ̀, bíi dọ́là 8.50, kí ẹnìkan lè lọ wáṣẹ́ sígboro. Wọn ò fún àwọn mìíràn. Àwọn tó gba owó ló rán èèyàn jáde jù, ìnáwó oúnjẹ ilé wọn sì gbé pẹ́ẹ́lí.

Ẹgbẹ́ Evidence Action sọ owó ọkọ̀ yìí di ètò ńlá tí wọ́n pè ní No Lean Season. Ní 2017, GiveWell, tó ń yẹ iṣẹ́ àánú wò fún àwọn olùtọrẹ, kà á mọ́ àwọn tó fakọ yọ jù. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n tún un dánwò ní abúlé tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, owó ọkọ̀ ò mú kí èèyàn púpọ̀ sí i jáde, owó tó ń wọlé fún wọn ò sì pọ̀ sí i. Evidence Action ò fi èsì náà pamọ́. Ní 2018, wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní tọrọ owó fún un mọ́. Ní 2019, wọ́n pa á tì.

Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá lára yín. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó ń ròyìn àwọn tó ràn lọ́wọ́, tí kò bojú wo irú wọn tí kò rí ìrànlọ́wọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́. Ẹ má fi ìdánwò kan ṣoṣo dájọ́. Kí owó tó wọlé, ẹ kọ ohun tí yóò mú yín jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ràn jù ni kí ẹ yẹ̀ wò jù.

Tálákà tí iṣẹ́ yín ò ṣe láǹfààní kò ní ilé ẹjọ́ tí yóò pè yín sí. Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara yín.