Ẹ Má Sọ Àwọn Àgbà Wa Di Ère Èsìé

Ẹni tó bá ti dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìé rí kò ní gbàgbé bí àwọn ère òkúta yẹn ṣe jókòó. Wọ́n ju 800 lọ, ọ̀pọ̀ wọn wà lórí àpótí, wọ́n la ojú sílẹ̀, wọn kò sì bi àlejò ní ohunkóhun. Lọ́dún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn. Ní 1945 wọ́n dá ilé sílẹ̀ fún wọn, òun sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí àwọn ará Èsìé ń pa ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó di òkúta. N kò bá ìtàn jiyàn. Èmi náà ti rí ìyá ẹlẹ́ran ara kan tó ń di òkúta ní Ọ̀mù-Àrán, lójú àwọn ọmọ tó bí, àwọn ọmọ náà ló sì ra àga tó jókòó lé.

Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá yìí ń tà. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ni ìwé gbèsè rẹ̀ wà: ẹni tó gba kóńgò méjì láwìn ṣáájú Àjíǹde, ẹni tó san àbọ̀, ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ojú wọn má baà pàdé. Bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó lòun náà ṣe ń kà á. Kó tó pe márùndínláàádọ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, ó ti tún yọ márùn-ún kúrò nínú èyí tó ṣẹ́kù, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò nínú àpò ẹ̀lùbọ́. Ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan fóònù. Èmi dán an wò, ojú tì mí.

Nígbà tó pé ẹni ọdún 72, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó àti Àbújá fi fóònù ṣèpàdé, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kó àpò ẹ̀lùbọ́ kúrò nílẹ̀, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà àti àga onítìmùtìmù, wọ́n wá ọmọdébìnrin kan tí yóò máa gbọ́únjẹ, tí yóò máa fọṣọ. "Màmá, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ìfẹ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn, kò sí àní-àní. Ọdún mẹ́ta kò tíì pé tí ìyá fi ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

N kò ní purọ́ mọ́ ìsinmi pé òun nìkan ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìyá, etí rẹ̀ náà ti ń di. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti palẹ̀ ọjà mọ́, kò sí ẹni tó tún bi í ní ohun tó gba ìrònú. Ohun tí mo wá kì yín nílọ̀ lé lórí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà nílé lóko. Ẹ jẹ́ kí ara àgbà sinmi. Bí ẹ bá ní kí ọpọlọ rẹ̀ náà wá jókòó, ẹ ń fi ìfẹ́ ṣe é léṣe.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni àrùn ìgbàgbé yìí, pé iyè àgbà Yorùbá kì í rà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Ní 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbà tó ti tó ẹni ọdún 65 ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis l'Ámẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 32 ló ń kó àrùn ìgbàgbé lọ́dún kan ní Indianapolis. Ti Ìdíkàn kò tó 14.

Ó dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá, kí ló fẹ́ fi ìròyìn ayọ̀ yẹn ṣe? Lójú tèmi, àgbà Ìdíkàn ìgbà náà ń gbé láàárín agbo ilé, ó ń parí ìjà, ó ń dúnàádúrà. Kò sẹ́ni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn lórí ọjọ́ ogbó ní 2003, ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀, Kwara sì wà níbẹ̀. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àrùn náà pọ̀ sí i láàárín àwọn tí kì í bá ẹgbẹ́ àti ará àdúgbò ṣe nǹkan pọ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà tó kan àwa ará Ìgbómìnà apá Kwara ju àwọn mìíràn lọ, a kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún wọlé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Ọ̀mù-Àrán, Èsìé, Òrò tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lókèèrè ni, nítorí abẹ́ Ìlọrin ní ìjọba Àríwá ni wọ́n ka tiwọn sí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó kárí gbogbo Nàìjíríà di 1976. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ti lé ní ẹni ọdún 75 báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọn kò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí.

Kí nìdí tí mo fi ń tú ìtàn àtijọ́ yìí? Ní 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ to ohun 14 tó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún àrùn ìgbàgbé, tí èèyàn sì lè ṣe nǹkan sí. Àìríwèé kà wà níbẹ̀. Etí tó di, ojú tó ṣókùnkùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orí tó fara pa, ìdánìkanwà, ìbànújẹ́ tó wọra, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ni a ó dènà tàbí tì síwájú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀mù-Àrán lọ sí Èsìé láìdé akoto, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín kí ewú tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi ìṣáná ro etí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jù ú nù.

Ìwé tí a kò kà lọ́mọdé, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kimani Maruge ti Kenya pé ẹni ọdún 84 kó tó wọ kíláàsì kìíní ní 2004, tòun ti ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀. Nílé níbí, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ṣe ààrẹ tán, ó tún forúkọ sílẹ̀ ní National Open University, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2018, nígbà tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Àgbà ilé yín kò nílò oyè. Ó lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ, tàbí bí yóò ṣe dá nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ mọ̀ lójú fóònù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ máa kọ́ ọ fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí òun náà máa fi oríkì ilé àti àlọ́ àpamọ̀ san owó ẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò mọ oríkì rẹ̀ náà nílò kíláàsì.

Ní ti eré, mo ń bẹ̀ yín, ẹ gbé ọpọ́n ayò sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan: ó dà bí eré ọmọdé títí ẹ ó fi jókòó síwájú ọ̀ta. Ojú ni yóò fi ka ohun tó wà nínú ilé yín, á ti mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí kó tó kó o, á pa odù rẹ̀ mọ́, á máa kọrin bú yín pé ọ̀pẹ ni yín. Ìrántí, ìṣirò, sùúrù àti ẹ̀fẹ̀ ló pàdé lórí pákó kan yẹn. Dírááfù náà dára. Ní Bronx, ní New York, wọ́n ṣọ́ àwọn àgbà 469 tó lé ní ẹni ọdún 75; èsì tó jáde ní 2003 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń kàwé, tó ń ta eré orí ọpọ́n, tó ń lu ohun èlò orin tàbí tó ń jó. Ẹ má sì sọ ayò di abẹ́rẹ́ àjẹsára o. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà lè ti pa ayò tì kí ará ilé tó fura, èyí sì lè wà lára ohun tí wọ́n rí.

Ẹni tó ti ń ta dírááfù láti ogójì ọdún, tó lè máa ta á lójú oorun, ẹ fi nǹkan tuntun lọ̀ ọ́: sọ́fà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kíka Lárúbáwá, èdè Núpé tí àwọn aládùúgbò ń sọ. Ohun tó bá mú kó ronú díẹ̀, tó sì ń mú un rẹ́rìn-ín, lẹ ó wá. Ẹ má sì sọ ọ́ di ìdánwò. Mo kórìíra kí ọmọ ti Èkó dé, kó dúró gbọnrangandan, kó ní, "Màmá, ta ni mí? Ọjọ́ wo lòní?" níwájú àlejò. Ẹ̀sín ni, àgbà tí wọ́n bá ti dójú tì lẹ́ẹ̀mejì kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìsọ̀yè fún arúgbó. Àgúnmu ti wà, káńsùlù ti wà, èyí tó wà lórí fóònù náà ti dé. Ní oṣù Kìíní 2016, ilé iṣẹ́ tó ni eré Lumosity gbà láti san mílíọ̀nù 2 dọ́là lẹ́yìn tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n tan àwọn oníbàárà jẹ pé eré náà ń dènà ìgbàgbé. Eré kan ń jẹ́ kí èèyàn mọ eré yẹn ta, ìyẹn kò sọ pé yóò rántí ibi tó so ewúrẹ́ mọ́. Bàbá tó ń fi gbogbo ọ̀sán ṣírò nọ́ńbà lọ́tò, tó ní ọpọlọ lòun ń lò, owó ifẹ̀yìntì ni Bàbá ń lò.

Ìgbàgbé wo ló yẹ kó bà wá lẹ́rù? Ẹni tó wá kọ́kọ́rọ́ tì, tó padà rí i, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe mọ́, ẹni tó ṣìnà lójú ọ̀nà oko tó ti ń tọ̀ láti kékeré, ẹni tó se ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè láìfi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀mù-Àrán, tàbí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Owó sábà máa ń tètè fi í hàn: àgbà tó ń fi káàdì báńkì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lé ọmọ oní-POS lọ́wọ́, tó ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó bá pè é pé òun ti báńkì wá. Kí gbájúẹ̀ tó gbọ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ fura.

Bí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá ṣàdédé dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, ṣúgà tó já wálẹ̀ tàbí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣeé tọ́jú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí àgbà náà ń lò lọ fún dókítà wò. Oògùn oorun àti oògùn ara yíyún bíi Piriton lè da orí àgbàlagbà rú. Kí ẹnikẹ́ni má fúnra rẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbọ́ tí ìyá arúgbó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tí ẹ ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́, ẹ panu mọ́, ẹ wá dókítà. Àìsàn ni. Ìyá tí wọ́n lé síta nítorí ìyẹn, kò sí ẹbọ tí yóò dá a padà bó bá bọ́ sójú títì lóru.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá àbíkẹ́yìn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sọ̀rọ̀ tipátipá. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan padà sí ẹnu ọ̀nà, àpò kan péré. Ọmọdébìnrin ilé ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìyá ń pè é. Nígbà tí mo kọjá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi pè mí, n kò sì tún un ṣe. Ó ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ló rán mi létí pé kóńgò kan tí mo gbà nígbà Iléyá, n kò tíì san án. Mo wo inú ìwé ọmọdébìnrin náà. Kò sí níbẹ̀. Mo san án, torí mo jẹ ẹ́ lóòótọ́.