Ọrun, Ọfà àti Ẹtà: Àyẹ̀wò Èdè Ọdẹ Ọlọ́fà ní Etíkun Àgbádárìgì

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ọdẹ fi ń pa ẹran, ìbọn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò jẹ̀bi. Láti ìgbà tí ìbọn ṣakabùlà ti gba ọwọ́ ọdẹ, inú ìtàn, ẹsẹ Ifá, oríkì àti òwe ni ọrun àti ọfà fi ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹni tí kò mọ ohun tí ọsán jẹ́ kò lè mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọsán bá já, ọrun di ọ̀pá. Iṣẹ́ yìí yẹ èdè ọdẹ ọlọ́fà wò, ó sì mú ẹtà, ẹranko òru tí àwọn kan ń kà mọ́ ológbò igbó, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹran tí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ lè dojú kọ.

Ọrun àti Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀

Ọrun ni igi tí a tẹ̀ kọdọrọ. Ohùn àárín méjì ni ó ní. Bí a bá gbàgbé àmì ohùn, ó lè di ọrùn tí ó gbé orí dúró tàbí ọ̀run tí ó wà lókè. Gbólóhùn bí ‘ọdẹ gbé ọrun kọ́ ọrùn, ó ń wo ojú ọ̀run’ kò ní ìtumọ̀ kankan lójú ẹni tí ó bá kà á láìsí àmì. Ọsán ni okùn tí a so mọ́ orí ọrun méjèèjì, tí a ń fà sẹ́yìn. Ọfà ni ohun tí a ń ta. Apó ni a ń kó ọfà sí, kì í ṣe apò. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àkàtàǹpó yàtọ̀ sí ọrun, nítorí pé igi gbọọrọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a fi ń dì í mú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọfà rìn ni ‘ta’. Ìbọn ni a ń yìn, ọfà ni a ń ta. ‘Ta’ kan náà ni a ń lò fún àkekèé àti agbọ́n, èyí tí ó fi hàn pé ìyára àti ìrora ni ọ̀rọ̀ náà gbé dání. Láti ara ‘ta ọfà’ ni a ti rí ‘tafà’, tí àpètúnpè kíkún sì sọ di ‘tafàtafà’, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí ‘gbẹ́nàgbẹ́nà’ àti ‘panápaná’. Ọ̀rọ̀ náà wà láàyè lónìí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò tó nǹkan mọ́.

Ẹtà àti Ìdílé Ológbò

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́fà a máa dọdẹ ológbò igbó kan tí wọ́n ń pè ní bobcat, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Lynx rufus. Kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, ẹkùn ni ó gba ipò iwájú nínú ìdílé ológbò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó kún fún ilé, oko àgbọn àti òpópónà kì í ṣe ibùgbé ẹkùn mọ́.

Ẹtà ni ó ṣì lè gbé ẹ̀gbẹ́ ènìyàn. Ìdílé mìíràn, Viverridae, ni àwọn onímọ̀ fi í sí, kì í ṣe ìdílé ológbò gan-an, bí ìrísí rẹ̀ tilẹ̀ ń tan ojú jẹ. Ara rẹ̀ ní àmì dúdú tótòtó, irun ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa dìde bí ẹ̀rù bá bà á. Òru ni ó ń rìn. Ó ń jẹ èso, kòkòrò, eku àti òkú ẹran, ojú kan náà ni ó sì sábà máa ń yàgbẹ́ sí; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóró èso tí ó gbé mì ti ń hù. Ohun olóòórùn tí ó ń sun lábẹ́ ìrù ni wọ́n ti fi ṣe lọ́fínńdà fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn ará Etiópíà sì ń sin ín sínú àgò nítorí rẹ̀. Ẹran tí ó mọ òórùn tó báyìí kò rọrùn láti sún mọ́. Ọdẹ tí kò bá kíyè sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kò ní rí ju ewé tí ń mì lọ.

Bí Ọfà Ṣe Ń Pa Ẹran

Ibí yìí ni àṣìlóye pọ̀ sí jù. Ọlọ́fà Amẹ́ríkà gbára lé agbára ọrun àti ẹnu ọfà tí ó ní abẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dànù ni ó ń pa ẹran. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní tiwọn, lo ọrun tí kò le púpọ̀, oró tí wọ́n fi pa ẹnu ọfà ni ó ń parí iṣẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ewéko tí oró náà ti wá ni Strophanthus hispidus, tí a ń lo kóró rẹ̀. Ọkàn ni oró yìí ń bá jà. John Kirk, oníṣègùn tí ó bá David Livingstone lọ sí odò Zambezi nínú ìrìnàjò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1858, kíyè sí i lára òun fúnra rẹ̀ pé irú oró bẹ́ẹ̀ ń yí lílù ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ni Thomas Fraser ní Edinburgh ṣe ìwádìí rẹ̀, tí ó sì di oògùn àrùn ọkàn. Nígbà tí a bá gbé e gba ẹnu, agbára rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ìgbà tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi lè gé ibi ojú ọgbẹ́ dànù kí ó sì jẹ ìyókù.

Ọfà kì í dún. Èyí jẹ́ àǹfààní, nítorí pé ẹran kejì kò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹran tí a ta kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀, ọdẹ sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tọpa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọfà tí kò ní oró ta ẹtà, tí kò sì lè tọpa rẹ̀, kò dọdẹ rárá. Ó dá ẹran lóró ni. Ọ̀rinrin etíkun tún jẹ́ ìṣòro: ẹ̀tù inú ìbọn a máa tutù, ọsán aláwọ náà a sì máa rọ̀. (Ẹ̀tù yìí kì í ṣe ẹtu inú igbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni a fi ń pa èkejì.)

Ohun Tí Etíkun Gbà àti Ohun Tí Ó Fi Ránṣẹ́

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Àgbádárìgì di èbúté òwò ẹrú. Ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ọjà tí àwọn Òyìnbó fi ń ra ènìyàn. Ọ̀nà omi tí ìbọn gbà wọlé ni àwọn ẹrú gbà jáde, tí wọ́n sì gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ tí ọrun àti ọfà jẹ́ àmì rẹ̀, lọ́kàn lọ. Kétu, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dahomey pa Kétu run ní 1886, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bràsíìlì, orúkọ Kétu ni ẹ̀ka ńlá kan nínú ẹ̀sìn Candomblé ń jẹ́ títí di òní, tí wọ́n sì ń pe Oxóssi ní ọba Kétu. Ní Bahia, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Ní Rio de Janeiro, Sebastian Mímọ́, ẹni tí wọ́n ta lọ́fà, ni. Ọdẹ ilé gbé ọrun sílẹ̀, ọmọ tí a tà gbé e dání.

Nínú Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Àgbádárìgì ni ó ń sọ èdè Ògù, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ègùn, nílé. Kí olùkọ́ bi wọ́n ní orúkọ tí àwọn òbí wọn ń pe ọrun, ọfà àti ẹtà, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Yorùbá lójú pátákó. Kò yẹ kí a pa ẹranko kankan nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko igbó láti 1975, òfin tí ó dáàbò bo ẹranko tí ń tán lọ sì jáde ní 1985. Ọparun kan, okùn kan àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbé dúró tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ọsán, kí ó ta á, kí ó sì dárúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ gé okùn náà níṣojú wọn, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.