Ẹ̀yin Ọmọ Tó Kẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà, Ẹ Wo Trade Fair

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìwé ẹ̀rí ń sọ ohun tí wọ́n kọ́ yín. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè wá rí. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má fowó ra iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín. Ẹ wo David Adelani: yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Saarland ní Jámánì. Ní 2021, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní ògbufọ̀. Èdè ilé ló fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ ó ní kò síná, kò sí ẹ̀rọ ńlá. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n etí, bírò àti sùúrù la fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kíkó jọ. Ní ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Trade Fair l'Ékòó, Ìgbò, Yorùbá àti pijin ni wọ́n fi ń ná ọjà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, kí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ.