Ẹ̀KỌ́ WA: NỌ́ŃBÀ TÓ JẸ́ IYE ÀTI NỌ́ŃBÀ TÓ JẸ́ ORÚKỌ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sí akọ̀wé tí í ro nọ́ńbà ìwé-owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ẹni tó ni nọ́ńbà 40 kò fi ìlọ́po méjì ju ẹni tó ni 20 lọ. Ṣùgbọ́n owó ìfipamọ́ tó wà nínú ìwé náà ṣeé rò pọ̀, ó sì ṣeé pín dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àwọn oníṣègùn rí.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65, tí àrùn náà kò tíì mú, ni wọ́n ń ṣọ́: Yorùbá 2,459 ní Ìbàdàn, aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis. Wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún méjì àti ọdún márùn-ún.

Kí ni a lè kọ nípa àgbà kan? Ọkùnrin ni tàbí obìnrin: ìsọ̀rí nìyẹn, ì báà jẹ́ 1 àti 2 ni akọ̀wé fi dípò wọn. Wọ́n tún wo ohun àjogúnbá kan nínú ẹ̀jẹ̀, APOE, tó ní oríṣi e2, e3 àti e4. Kí 4 yẹn má tan yín jẹ. Orúkọ lásán ni.

Ọjọ́ orí ní tirẹ̀ jẹ́ iye. Ó gba wàhálà ní Ìbàdàn, nítorí púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò ní ìwé ìbí. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí wọ́n rántí ni a fi ṣírò ọdún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ “65 sí 74” dípò 71, a ti sọ iye di ìsọ̀rí, ẹnikẹ́ni kò sì lè rí 71 náà mọ́ nínú ìwé.

Àìsàn náà ńkọ́? Ó mú un tàbí kò mú un: ìsọ̀rí ni. Iye tí a gbọ́ ní 2001, pé láàárín ọdún kan ó ń mú nǹkan bí 13 tàbí 14 nínú 1,000 àgbà Ìbàdàn, àti 32 ní Indianapolis, kì í ṣe ti àgbà kankan. Kíka ni a ka àwọn tó wà nínú ìsọ̀rí náà.

Nígbà tí iyèméjì bá dé, ẹ bi ara yín pé: bí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ǹjẹ́ ìdáhùn náà ní ìtumọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa wọn ìfúnpá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹ má ṣe kọ “ó ga” nìkan. Ẹ kọ 178 lórí 104. Bí ó bá di 150 lórí 94 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, “ó ga” náà ni a óò tún kọ, ẹni náà yóò sì rò pé oògùn òun kò ṣiṣẹ́, yóò pa á tì.