ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Henry Laurens, oníṣòwò Charleston

Ìlú Charleston ní South Carolina ni wọ́n bí Henry Laurens sí ní 1724, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe olórí ibẹ̀. Faransé ni ìdílé rẹ̀ ti sá wá nítorí ẹ̀sìn. Iṣẹ́ gàárì ẹṣin ni baba rẹ̀ ń ṣe. Laurens ta ìrẹsì, ó ta ẹ̀lú, ó ní oko ńlá ní Mepkin, ṣùgbọ́n òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó.

Àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó wá sí Charleston láti Bunce Island ní ilẹ̀ Sàró, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Austin & Laurens, ló ń bá àwọn tó ni ibẹ̀ tà wọ́n. Ní 1756, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún 10 bá ọkọ̀ Hare dé. Elias Ball, ẹbí ìyàwó Laurens, rà á, ó sọ ọ́ ní Priscilla. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà títí dòní.

Ní 1777, Laurens di ààrẹ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì mú un lójú òkun ní 1780, wọ́n tì í mọ́lé ní Tower of London. Ta ló wá dúró fún un? Richard Oswald, ọ̀kan nínú àwọn tó ni Bunce Island! Àwọn méjèèjì yìí náà ló tún pàdé nídìí àdéhùn àlàáfíà ní Paris ní 1782.

Ọdún yẹn ni John, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n fún ẹrú ní òmìnira kí wọ́n lè jagun, kú sójú ogun. Baba kú ní 1792. Bó ṣe pa á láṣẹ, wọ́n sun òkú rẹ̀ níná ní Mepkin.