Ohun tí Lílù Ọkàn Ọmọ Inú Ń Sọ

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin baálé ilé, nígbà tí agbẹ̀bí bá gbé etí lé ikùn aboyún, kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè. Ọkàn ọmọ inú máa ń lù ní ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ní ohun mìíràn tí ó ń sọ yàtọ̀ sí iye yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn tí ó ń lù dọ́gba-dọ́gba bí aago ni ó dára jù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn ọmọ tí ara rẹ̀ dá máa ń yára díẹ̀, a sì tún rọra díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, iye rẹ̀ lè fi 5 sí 25 lọ sókè sódò. Ọpọlọ ni ó ń darí èyí: iṣan kan ń sọ fún ọkàn pé kí ó sáré, òmíràn ń sọ pé kí ó sinmi. Bí ọpọlọ kò bá rí ọ́síjìn tó, èyíinì ni afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró, lílọ sókè sódò náà lè dínkù títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà Edward Hon àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Lee ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ìyípadà yìí máa ń hàn kí iye lílù ọkàn fúnra rẹ̀ tó yí padà.

Inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ọmọ ti ń rí ọ́síjìn, nípasẹ̀ olóbi àti ìwọ́. Bí ilé-ọmọ bá fún pọ̀ nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ a dínkù fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà Àgbádárìgì, ẹ mọ òmùwẹ̀ tí ó rì sábẹ́ omi: yóò dá èémí dúró, yóò sì yọrí láti mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ń ṣe pẹ̀lú ìrora kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó lágbára lè ṣe é fún wákàtí púpọ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni kí a máa tẹ̀ ẹ́ padà sísàlẹ̀ kí ó tó mí.

Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ gidigidi nípa abẹ́rẹ́ tí ń mú ìrọbí yára, tí àwọn kan ń gún fún aboyún nínú ilé, àti àgbo tí wọ́n ní ó ń lé ọmọ jáde. Ní ilé-ìwòsàn, inú omi ni a ń po oògùn yìí sí, tí yóò máa kán wọ ara díẹ̀díẹ̀, tí ẹnìkan yóò sì máa gbọ́ ọkàn ọmọ. Bí a bá gún un lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ó lè fà á jáde mọ́. Ìrora lè máa tẹ̀ lé ìrora láìsí ìsinmi, ilé-ọmọ pàápàá sì lè ya.

Ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ohun èlò bí ìwo kékeré, tí Dókítà Pinard ará Faransé gbé jáde ní ọdún 1895, ṣì wúlò lónìí. Etí kò lè ka lílọ sókè sódò yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè mú ewu. Kí agbẹ̀bí gbọ́ ọ fún odindi ìṣẹ́jú kan, bí ìrora bá ti ń lọ, ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra wọn. Nígbà tí ìyá bá ń rin ọmọ, kí ó jẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bí iye bá wá sí ìsàlẹ̀ 110, tàbí tí ó kọjá 160, tàbí tí ọkàn rọ lẹ́yìn ìrora tí kò sì tètè padà, kí a pe dókítà.

Ẹ̀rọ tí ń ya lílù ọkàn sórí ìwé ni ó ń fi ìlà pẹrẹsẹ hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sùn nínú ìyá rẹ̀ náà lè ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, oògùn ìrora tí a fún ìyá sì lè fa á. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí ó ní kí ẹ dùbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ó sì ń wo ìwé náà, kò fi àkókò ṣòfò. Ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, wọ́n fi ẹ̀rọ yìí wé gbígbọ́ pẹ̀lú etí lára àwọn aboyún bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1985. Àwọn ọmọ tuntun tí gìrì mú dínkù sí nǹkan bí ìdajì lọ́dọ̀ àwọn tí a fi ẹ̀rọ ṣọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, iye àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn gan nítorí ìpalára ọpọlọ kò yàtọ̀ síra. Ìpalára tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ìrọbí tó dé pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé tàbí ẹ̀bi ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Gberefu, tí ọ̀sà wà láàárín yín àti ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà nínú ìlú, ẹ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣàdéhùn láti oṣù kẹjọ. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sọdá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọmọ bá dínkù nínú yíyí rẹ̀, tàbí tí omi tí ó ya jẹ́ aláwọ̀ ewé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ; ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìbẹ̀wò.

Ní ìbẹ̀wò yín tí ń bọ̀, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín gbọ́ ọkàn ọmọ náà. Ẹ bèèrè iye tí ó kà, kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ sínú káàdì yín.