Nígbà tí Ẹ̀yìn bá ń Roni tí Ìtọ̀ sì ń Gbọ̀n Wá

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá àgbà tí ẹ̀yìn ń ro yóò ké gbàjarè rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, yóò mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò ní kí ọmọ-ọmọ gun òun ní ìbàdí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìtọ̀ kì í jẹ́ kí òun tú ìró tán kí ó tó dà; kàkà bẹ́ẹ̀, omi ni yóò fi du ara rẹ̀ bí ó bá ń lọ sí òde, kò sì mọ̀ pé ìtọ̀ tó bá ki a máa ta àpò ìtọ̀, a sì tún máa lé ni sí i.

Bẹ́ẹ̀ ìbátan ni àìsàn méjèèjì lè jẹ́. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn, òpómúléró tó gbé ara ró, ni iṣan tí ń pàṣẹ fún àpò ìtọ̀ gbà kọjá, tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé egungun ìdí, tí ó sì ti ibẹ̀ jáde láti ihò kejì dé ìkẹrin. Bí tìmùtìmù tó wà láàárín egungun bá yọ, tàbí tí ọ̀nà iṣan há nítorí ogbó, tí èyí sì ń yọ iṣan lẹ́nu, àpò ìtọ̀ lè máa súnkì nígbà tí kò tíì kún. Bí ó bá tẹ iṣan náà pa, ìtọ̀ kò ní jáde tán, àṣẹ́kù a kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹni náà a sì máa rò pé òun ń tọ̀ jù, nígbà tó jẹ́ pé kò tọ̀ tán rárá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àtọ̀gbẹ, kòkòrò inú ìtọ̀, àti prostate tó wú lára àgbà ọkùnrin, gbogbo wọn náà ló lè fa irú ìtọ̀ yìí. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ìgbà tí ẹ tọ̀, lọ́sàn-án lóru, sínú ìwé fún ọjọ́ 3, kí ẹ sì sọ ti ẹ̀yìn àti ti ìtọ̀ pọ̀ fún dókítà kan náà, kí ó lè yẹ ìtọ̀ àti ṣúgà wò, kí ó sì fi ẹ̀rọ wo ìtọ̀ tó ṣẹ́kù nínú àpò lẹ́yìn tí ẹ tọ̀ tán.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí abẹ́ àti inú itan bá kú, tí ẹ kò mọ̀ bí ọwọ́ bá kàn án, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, bí ìtọ̀ bá sé tàbí tí ìgbẹ́ ń yọ láìmọ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́; ilé ìwòsàn ńlá tó ní oníṣẹ́-abẹ ni kí wọ́n gbé yín lọ lóru náà, nítorí iṣan tí a tẹ̀ pẹ́ lè má jí mọ́, iṣẹ́ abẹ tí a bá sì ṣe kí wákàtí 48 tó pé ni ó sábà máa ń ṣàǹfààní jù.